Kọ́kọ́rọ́ Ọrùn Moufidatou

Ìfẹ́ máa ń mú èèyàn gbàgbé ohun tó so mọ́ ọrùn ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Moufidatou ń jẹ máńgòrò létí odò Okpara, ẹ̀gbà ọwọ́ tí Régis rà fún un nìkan ló rántí. Olùkọ́ ni Régis, láti Àjàṣẹ́ ni ìjọba ti gbé e wá, ohùn rẹ̀ sì máa ń dùn bí oyin ìgàn. Nítorí rẹ̀ ni Moufidatou fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìlú Ofè pé òun ò ní lè wá sípàdé, pé ibà dá òun dùbúlẹ̀, tó sì pa tẹlifóònù.

Àgádágodo mẹ́ta ló wà lára àpótí owó ẹgbẹ́ náà. Obìnrin mẹ́ta ló mú kọ́kọ́rọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a ṣí. Moufidatou jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ wà lábẹ́ bùbá, ó ń bá àyà rẹ̀ mì lẹ́yìn alùpùpù Régis.

Nírọ̀lẹ́, tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n yọ sí ojúlé ìyá rẹ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ni wọ́n bá lórí ẹní níwájú ilé, ìkòkò àgbo láàárín wọn.

"Aláìsàn wa dé!" Ìyá Àyìnkẹ́, olórí ẹgbẹ́, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ibà yìí mà mọ alùpùpù gùn o! Olùkọ́, ṣé ẹ̀yin ni dókítà rẹ̀?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Régis dọ̀bálẹ̀ kí wọn.

Àdìjá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Opó ni, inú àpótí ló fẹ́ ti yá owó katakata lọ́jọ́ náà tí yóò túlẹ̀ oko rẹ̀.

"Awakọ̀ katakata náà dúró títí," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́. "Nígbà tí kò rówó gbà, ó gba ẹkùn Plateau lọ. Òjò ò sì ní dúró dè mí."

"Ẹ̀yin ìyá mi, kí ló dé tí ẹ ò já àgádágodo yẹn?" Moufidatou bi wọ́n.

"Ká já kí ni? Ṣebí a jọ búra pé ẹnikẹ́ni ò ní já a ni," Ìyá Àyìnkẹ́ dáhùn. "A fẹ́ wá gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ. A kàn ní a ò lè wá sọ́dọ̀ aláìsàn lọ́wọ́ òfo, la bá dúró se àgbo; nígbà tí a sì débí, a ò bá ọ."

Moufidatou wolẹ̀, kò ríbi fojú sí. Àdìjá bu àgbo náà fún un.

"Mu ún. A ti sè é tán."

Ojú gbogbo wọn ló ti mu ún dé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ó korò ju ewúro lọ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti gbọ́kọ́ dé oko Àdìjá. Opó náà bá a níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Títí di ọ̀sán, igun oko kan ni wọ́n rí kọ, ọwọ́ Moufidatou sì ti bó. Régis fun fèrè alùpùpù lójú ọ̀nà. Moufidatou kò gbójú sókè.

Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ náà lọ́rùn. "Ẹ gbà á, Ìyá. Mi ò yẹ."

Àdìjá gbà á, ó sì tún gbé e kọ́ ọ lọ́rùn padà, lórí bùbá.

"Má fi pamọ́ mọ́," ó ní. "Ìwọ náà gbọ́dọ̀ máa rí i."

Moufidatou tú ẹ̀gbà Régis, ó wé e sétí ìró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ebè, kọ́kọ́rọ́ náà ń fì níwájú rẹ̀.