Ọjọ́ Tí Mo Gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì Tán

Ẹnu Augustine bàbá mi ló kó bá mi, kí n tó sọ ti ẹnu tèmi. Nígbà tí Bàbá Olúsànmí ará Aládé bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wa pé òun ń fẹ́ mi fún ọmọ òun, bàbá mi kò fẹ́ já irú olóko ńlá bẹ́ẹ̀ kulẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tán ná. Ọjọ́ tó bá gbọ́ ọ tán, tiyín ni." Mo wà ní Fọ́ọ̀mù Tú nílé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin ní Àkúrẹ́ nígbà náà, mo sì fẹ́ kàwé débi tí n ó fi di tíṣà. Mo rò pé ọgbọ́n ni bàbá mi dá. Ta ni í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tán?

Àfi bí ọkọ̀ sinimá ìjọba ṣe dé sí Odòde, ìlú wa ní Ìdànrè, ní ìsinmi oṣù kẹjọ, ọdún 1956. Wọ́n ta aṣọ funfun sí pápá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tan ẹ̀rọ iná, ará Aládé àti ará Atosin fẹsẹ̀ rìn wá. Ìgbà tí gbogbo wa jókòó tán ni dírẹ́bà sọ pé ibà ti dá ògbufọ̀ àwọn dúró sí Oǹdó, pé kí a jọ̀ọ́, kí a máa wo àwòrán lásán. Bàbá mi dìde láàárín èrò. Aṣọ tó fi ń lọ sí Máàsì lọ́jọ́ Ìsinmi ló wọ̀. Ó ní ọmọ òun wà níbẹ̀, pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń jí i ní Àkúrẹ́.

Wọ́n ki ẹ̀rọ gbohùngbohùn bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n gbé mi jókòó sórí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà. Èrò wà níwájú mi, òkè wà lẹ́yìn mi. Kò sí ibi tí mo lè gbà sá.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí tíṣà wa ará Ìjẹ̀bú ń sọ, tó ń já a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń já ewé ẹ̀fọ́, mo gbọ́ ọ dáadáa. Ti òyìnbó inú sinimá yìí, imú ló fi ń sọ ọ́. Kì í la ẹnu. Bó bá sì kan èyí tó ṣe pàtàkì, wọn a da fèrè àti dùùrù bò ó, bíi pé wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ̀rọ iná ń kùn, àpáta Ìdànrè ń dá ohùn padà. Kí òyìnbó tó parí gbólóhùn kan, èyí tó ti sọ kọjá á ti máa bọ̀ láti orí òkè wá pàdé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbá mú ni kòkó. Inú bí mi. Mo fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ṣe sinimá náà fún.

Òyìnbó sọ̀rọ̀, ó dákẹ́. Gbogbo ojú yí sí mi.

"Fọ̀ ọ́, ọmọ mi, ká gbọ́," ni bàbá mi wí.

Bí mo bá ní n kò gbọ́, mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bàbá mi ti fi mí fọ́nnu káàkiri ìlú. Yóò ní òun ti ń fi owó kòkó òun ṣòfò, yóò sì mú mi kúrò níléèwé. Ẹ̀rù bà mí bíi kí n sunkún. Mo wo aṣọ náà: ọkùnrin dúdú kan ń ká kòkó tó ti dú kúrò lára igi. Ohun tí bàbá mi ń fi ojoojúmọ́ pariwo lé wa lórí lóko gan-an nìyẹn. Ni mo bá fi ọ̀rọ̀ bàbá mi sí òyìnbó lẹ́nu. Mo ní, "Ó ní ẹ ká èyí tó dú kúrò, kó má baà ran èyí tó kù. Ó ní ẹ ro abẹ́ igi, kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà gbà."

Àwọn èèyàn ń mi orí. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn òyìnbó inú sinimá bú sẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn wa sì kọjú sí mi, wọ́n ń retí ẹ̀rín tiwọn. Mo rí Bàbá Olúsànmí níwájú. Mo ní, "Ó ní àwọn bàbá kan wà ní Aládé tí kòkó dúdú pọ̀ lóko wọn ju ewé lọ, síbẹ̀ ìyàwó ọmọ ni wọ́n ń wá kiri." Mo rò pé yóò bínú, yóò fi mí sílẹ̀. Pápá mì tìtì fún ẹ̀rín. Òun gan-an ló rẹ́rìn-ín jù, ó ń fi fìlà nu omi ojú.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó fi dé sílé wa pẹ̀lú iṣu àti obì. Ó ní, "Bàbá Fẹ́yìsayọ̀, ilé gbọ́, oko gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì wo ló tún kù?"

Bàbá mi wò mí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ti há a lọ́fun. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tiyín ni mo kàn ń sọ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bàbá Olúsànmí ní, "Ẹ ò rí i? Ó mọ̀wé tó báyìí, kò sì gbéraga." Ó fi obì kan kún èyí tó wà nílẹ̀.

Yèyé mi nìkan ló mọ̀. Ó bá mi ní ilé ìdáná, ó ní ohùn bàbá mi lòun ń gbọ́ lẹ́nu mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sọ fún wọn. Ó ki igi bọ iná.

"Fẹ́yìsayọ̀, bí mo bá sọ ọ́, bàbá rẹ ò ní lè yọjú síta mọ́. Bó bá sì gbà pé o ò gbọ́, ṣé ó máa dá ọ padà sí Àkúrẹ́ ni?"

Mo sunkún, mo ní èéfín ni.

Nígbà tí ọkọ̀ sinimá tún padà wá, mo ti di ìyàwó Olúsànmí, ọmọ wà lẹ́yìn mi. Sinimá ti àtijọ́ náà ni, ògbufọ̀ ìjọba sì wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn, mo tẹ́tí sílẹ̀. Inú mi ń dùn pé n ó wá gbọ́ ohun tí òyìnbó yẹn sọ gan-an. Ọkùnrin náà kò tíì sọ jìnnà tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa, pé òyìnbó kò wí bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Àna mi dìde, ó rọra gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní, "wá bá wa sọ ọ́ bó ṣe wí i."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin náà parí ná. Wọ́n ti ń yàgò fún mi. Mo tún ọmọ pọ̀n, mo bọ́ síwájú. Òyìnbó ń sọ̀rọ̀ lọ lórí aṣọ, dùùrù ń bò ó mọ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi kòkó tó dú.