Iná Tó Tètè Kú

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Búlọ́ọ̀kù jù lọ́jọ́ náà, etí ni Onífọ́tò fi mú un kí ojú tó rí i. Ó dún pàù lẹ́rẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀. Iná ńlá tó wà lórí irin bú yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo yàrá funfun báláú. Nígbà tí ojú fi máa padà bọ̀ sípò, àbúrò rẹ̀ ti fẹ̀yìn gbá aṣọ dúdú tí wọ́n ta mọ́ ògiri, itọ́ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó mú un àbí kò mú un?" Kóòṣì bèèrè láti orí àga.

Onífọ́tò yẹ ẹ̀yìn kámẹ́rà rẹ̀ wò. Kò mú un. Ibi tó yẹ kí ìbọ̀wọ́ pupa wà, nǹkan kan ló fà gbọọrọ síbẹ̀ bí ọ̀dà tí wọ́n fọwọ́ pa kó tó gbẹ. Ojú àbúrò rẹ̀ náà ti dà rú, èèyàn ò mọ imú yàtọ̀ sí ètè.

"Ẹ tún un ṣe," ló wí.

Búlọ́ọ̀kù tún un ṣe. Pàù.

Ẹ má tíì dá obìnrin onífọ́tò náà lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ rẹ̀ fún yín ná, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ bínú, kẹ́ ẹ bínú. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ọmọkùnrin tí wọ́n ń lù yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì pọ̀n ọ́n sí títí tó fi rìn. Ẹ̀fúùfù ni wọ́n ń pè é níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́, torí ọwọ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tó ń bá a jà ráyè mí. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbi ìjà tó jà kẹ́yìn, wọ́n lu ojú òsì rẹ̀ títí ó fi dí pátápátá. Dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní bí ojú náà bá san, kó máa jà lọ. Bí kò bá san, kó má tún gun pèpéle ìjà mọ́ láyé, nítorí ẹ̀ṣẹ́ tí kò bá rí ló máa pa á. Ìyá wọn pe Onífọ́tò sí kọ̀rọ̀. "Ojú ọmọ mi, ọwọ́ rẹ ló wà o. Tí kò bá dáa, kódà bó jẹ́ ṣòkòtò lo máa fi wọ́ ọ jáde, wọ́ ọ jáde fún mi." Onífọ́tò ní òun gbọ́.

Ẹ̀fúùfù kò padà sọ́dọ̀ dókítà mọ́. Ó ní ojú ti san. Ó mú páálí oògùn, ó ka lẹ́tà wínníwínní ara rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ geerege. Ẹ̀gbọ́n ò sì ní kó fọwọ́ bo ojú kan kó fi èkejì kà á. Ibẹ̀ yẹn ni èmi náà ò ti lè gbèjà rẹ̀ dópin. Nígbà tí Kóòṣì wá ní òun ń fẹ́ fọ́tò ńlá kan tí wọ́n máa lẹ̀ káàkiri ìgboro nítorí ìjà bẹ́líìtì ajagunmólú oṣù tó ń bọ̀, tí Ẹ̀fúùfù máa jà, inú Onífọ́tò dùn ṣìnkìn, ó ní òun lòun máa yà á.

Kóòṣì ò fẹ́ fọ́tò afarawé. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí wọ́n wá máa fajú ro fún mi," ló ti wí. "Àǹtí, aráàlú ò ṣeé tàn báyẹn. Ẹ̀ṣẹ́ gidi ni kí wọ́n kàn, kí òógùn fò." Búlọ́ọ̀kù, tó máa ń bá Ẹ̀fúùfù jà fún ìgbáradì, tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ni wọ́n mú wá kó máa lù ú.

Ó wá ku iná. Onífọ́tò ò ní iná tó lè mú ẹ̀ṣẹ́, ó fẹ́ rà á. Oníná tó ń tà á gbà kó kó oríṣi méjì lọ dán wò, èyí tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kó mú un. Ẹni tó bá fẹ́ ra iná fíláàṣì, agbára ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè, bí ẹni tó ń ra jẹnẹrétọ̀. Onífọ́tò náà bèèrè agbára. Ó ní kí wọ́n gbé èyí tó tóbi jù fún òun: orí iná wúwo bí ọmọ tó ti ń rìn, àpótí tó ń fún un lágbára jókòó sílẹ̀ lọ́tọ̀, wáyà àárín wọn ki bí ọrùn ọwọ́. Èkejì kéré, iná tuntun ni, bátìrì ló ń lò, ó ṣeé fọwọ́ kan gbé. Oníná kàn fi í sínú mọ́tò fún un bí ẹni fi ènì sí ọjà ni. Onífọ́tò yọ ṣùtì sí i. Ó ní ìyẹn á dáa fún fọ́tò ọmọ ọwọ́.

Ọmọ ọwọ́ kọ́ ló wà níwájú rẹ̀ báyìí. Ẹ̀ṣẹ́ mìíràn balẹ̀, ètè Ẹ̀fúùfù bẹ́, fọ́tò ò mú un. Onífọ́tò rò ó pé bóyá agbára ló pọ̀ jù. Ó lóṣòó ti àpótí, ó yí i wálẹ̀ dé ìdajì. Àṣìṣe ẹni tó rò pé gbogbo iná jọra nìyẹn. Àwọn iná tuntun wà tó jẹ́ pé tí o bá dín wọn kù, wọ́n á tètè kú. Àgbà iná irú èyí, tí o bá dín in kù, ńṣe ló tún máa ń lọ́ra kú, bí àtùpà tí epo ń tán lọ nínú rẹ̀. Kó tó kú tán, ẹ̀ṣẹ́ ti rìn kọjá lójú kámẹ́rà. Fọ́tò náà burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ tún un ṣe."

"Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lẹ́nu ẹ̀," Búlọ́ọ̀kù wí.

"Ṣé ẹnu tìẹ ni?" Ẹ̀fúùfù dá a lóhùn. "Kàn mí jàre, má fi àkókò mi ṣòfò."

Ó kàn án. Ó kàn án lápá ọ̀tún, ó kàn án lápá òsì, ó kàn án nímú. Ẹ̀jẹ̀ ta sí aṣọ dúdú, ó ta sílẹ̀, ó ta sí bàtà Onífọ́tò. Obìnrin náà ń yí agbára sókè, ó ń yí i sísàlẹ̀, ó ń ní kí wọ́n tún un ṣe, orí ọmọkùnrin náà sì ń lọ síwá sẹ́yìn lórí ọrùn. Inú ń bí i sí iná, inú ń bí i sí Oníná, inú ń bí i sí ara rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, inú ń bí mi sí òun náà. Iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lórí débi pé ó ti gbàgbé pé ẹran ara ọmọ ìyá òun ni òun fi ń dán iná wò.

Nígbà tó sú u, ó fa wáyà àpótí náà yọ tìbínú tìbínú. Ó gbé iná kékeré gun irin mìíràn, ó sún un mọ́ wọn dáadáa, ó dín agbára rẹ̀ kù títí ó fi kù díẹ̀ kó tán.

Pàù.

Iná náà ò bú yẹ̀rì. Ó kàn bẹ́ fìrí ni. Ṣùgbọ́n ohun tí Onífọ́tò rí lẹ́yìn kámẹ́rà pa á lẹ́rìn-ín. Ìbọ̀wọ́ dúró gbọin lẹ́rẹ̀kẹ́, èèyàn lè ka ojú òwú tí wọ́n fi rán an. Òógùn wà lófuurufú lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹ̀jẹ̀ wà láàárín rẹ̀. Àṣé kì í ṣe bí iná ṣe lágbára tó ló jà, bó ṣe ń tètè kú ni. Ó ti mọ èyí tó máa rà. Ìdùnnú gùn ún bí ọtí, ó ní kí wọ́n ṣe sí i, tọ̀tún tòsì, Búlọ́ọ̀kù sì lù ú títí apá fi ń ro òun alára.

Wọ́n sinmi. Onífọ́tò to àwọn fọ́tò náà sójú kọ̀ǹpútà, Kóòṣì wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí ẹ̀ṣẹ́ ti apá ọ̀tún Ẹ̀fúùfù wá, ojú rẹ̀ ti dì pinpin, èjìká rẹ̀ ti gòkè, ọrùn rẹ̀ ti ń sá. Bí ara èèyàn ṣe rí nìyẹn, ẹ̀ṣẹ́ ò tíì dé tí ara ti mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ti apá òsì wá, ojú méjèèjì là sílẹ̀ kedere. Ìbọ̀wọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan awọ, síbẹ̀ ara rẹ̀ balẹ̀ bíi ti ẹni tó dúró de mọ́tò. Onífọ́tò ṣí òmíràn, bákan náà ni. Ó ṣí òmíràn sí i.

"Akọni," Kóòṣì wí. "Ẹ wò ó, kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Èyí gan-an la máa lẹ̀."

Àyà Onífọ́tò já. Kò sí akọni kankan níbẹ̀. Ọmọkùnrin náà ò rí i ni. Gbogbo ẹ̀ṣẹ́ apá òsì tó ti ní kí wọ́n tún kàn láti àárọ̀, inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń bá a.

"Kóòṣì," ó ní, "ojú òsì rẹ̀ ti kú."

Ẹ̀fúùfù gbọ́ láti ibi tó jókòó sí. Ó dìde wá. "Irọ́ ni. Àǹtí, ẹ má ba ayé mi jẹ́." Ó ta iná ńlá nípàá, ó wó lulẹ̀, dígí rẹ̀ fọ́ yángá. Ó fi ìbọ̀wọ́ méjèèjì ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ tábìlì. "Kí lẹ fẹ́ kí n máa ṣe jẹun? Iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀? Ẹ dárúkọ ẹ̀ kí n gbọ́. Mo ríran. Mo ríran jù yín lọ." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀, àtèyí tó ríran àtèyí tí kò ríran.

Kóòṣì fà á kúrò lára rẹ̀. "Ẹ̀rù ló ń bà yín, Àǹtí. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má ṣẹ́jú, kò sì ṣẹ́jú. Ẹ ò lè torí fọ́tò lásán gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ ẹni tó ti jìyà ẹ̀."

Onífọ́tò wò wọ́n. Ó mọ̀ pé bí òun bá sunkún di ọ̀la, ìjà náà á wáyé, wọ́n á sì gbé òkú ọmọ wálé fún ìyá òun. Ó nu ojú rẹ̀ nù.

"Ó dáa, kò tán síbẹ̀," ló wí. "Jẹ́ kí n ya ẹyọ kan sí i, ìwọ nìkan. Dúró síbi tó o dúró sí lẹ́ẹ̀kan, gbé ọwọ́ ìjà, kó o máa wo ojú kámẹ́rà. Má wo ibòmíràn."

Ẹ̀fúùfù rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó dúró, ó gbé ọwọ́. Búlọ́ọ̀kù wà lórí àga lọ́hùn-ún, ó ń mu omi. Onífọ́tò fi kámẹ́rà sílẹ̀ lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé e dúró, ó bọ́ bàtà, ó fojú pe Kóòṣì pé kó máa wò. Ó yípo gba ẹ̀yìn wá sápá òsì àbúrò rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn débi pé ó ń gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè níwájú ojú òsì náà, ó fi gbogbo agbára tó ní gbá a létí.

Ojú Ẹ̀fúùfù ò ṣẹ́ kí ọwọ́ tó balẹ̀. Ìgbà tó balẹ̀ tán ni ara ìjà tó jí nínú rẹ̀. Kò yíjú, kò bèèrè ẹni tó jẹ́, ó fi ọwọ́ òsì ju ẹ̀ṣẹ́ síbi tí ìgbájú ti wá. Ó ba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. Eyín kan fò jáde, obìnrin náà sì ṣubú sórí dígí tó fọ́.

Nígbà náà ló tó yí gbogbo orí rẹ̀ padà, tí ojú ọ̀tún fi rí ẹni tó wà nílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ gbì. Ó fẹ́ gbé e, ìbọ̀wọ́ ò jẹ́ kó lè dì í mú, ńṣe ló kàn ń fi ra ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn lójú.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò rí yín. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, Àǹtí, mi ò rí yín rárá."

Onífọ́tò ò lè sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Kóòṣì ló ń wò. Lẹ́yìn náà ó lóṣòó ti ọmọkùnrin náà, ó fa ọwọ́ rẹ̀ kan sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ìbọ̀wọ́.