Ohùn Mẹ́fà Nínú Abọ́

Mo lá àlá kan ní ìdájí òní, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín títí n ó fi sọ ọ́ tán. Múkáílà, ìwọ tí o ni ilé tí a jókòó sí, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Dín rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn kù ná.

Ọjọ́ pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí lórí ìjókòó yìí pé àwo orin wo ni mo fẹ́ràn jù láyé. Mo máa ń sọ fún yín pé ti Bísíríyù alápàlà ni, torí bó ṣe ń da ọ̀rọ̀ sẹ́nu bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Irọ́ ni mò ń pa. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Àlájà Mùlíkátù oníwákà, tó ní paálí aláwọ̀ ewé. Ẹ máa ń ní orin inú rẹ̀ ń wọ́. Ó ń wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn elégbè mẹ́fà ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tó kú. Kò ya fọ́tò kankan sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ò sì sí lára paálí àwo náà. Wọ́n ya àwọn elégbè síbẹ̀ o, ṣùgbọ́n gèlè Àlájà bo ojú gbogbo wọn. Gbogbo ohun tí mo ní nípa ìyá tó bí mi ò ju ohùn lọ, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì jọ ń gbè é pọ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tẹ́tí, mi ò rí ohùn rẹ̀ yọ láàárín wọn. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Ó dáa. Nínú àlá yìí, mo gbé àwo náà sórí giramafóònù. Abẹ́rẹ́ gbórí sókè, ó ní wọ́n ń wá mi ní ọ́fíìsì. Mo bi í pé ọ́fíìsì wo, ó ní èyí tó wà lókè ni. Mo wòkè, òrùlé wa ò sí mọ́. Ọ́fíìsì kan ló léfòó lókè àwọn igi ọ̀pẹ, àwọn akọ̀wé ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń mu tíì. Mo wọ bàtà mi. Mo tẹ̀lé ilà ara àwo náà yípo yípo títí ó fi di àtẹ̀gùn, tó gbé mi débẹ̀. Ó rẹ̀ mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rin ìrìn tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí àwo orin.

Ọ̀gá ibẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Òṣíbógun. Ó wọ kóòtù, ó ń jẹ paálí àwo bí ẹni ń jẹ bísíkíìtì. Ó ṣàlàyé fún mi pé òfin tuntun ti jáde: ohùn tí kò bá ní orúkọ lára paálí kò gbọdọ̀ gbé inú àwo mọ́. Èyí tí ẹbí rẹ̀ bá dá mọ̀ yóò dúró, wọ́n á pa ìyókù rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn lè yàn. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni irùngbọ̀n ń hù lágbọ̀n rẹ̀, tí ìwo ń yọ lórí rẹ̀. Kí ó tó ka òfin náà tán, ó ti di òbúkọ. Mo bá a ki bírò sáàárín pátákò kí ó lè rí ìwé kọ, ó sì dúpẹ́.

Abọ́ tánńganran mẹ́fà wà lórí bẹ́ǹṣì, gbogbo wọn ló ní ọmọrí. Òbúkọ ní kí n máa ṣí wọn. Ẹ gbọ́, ohun tí mo ti fi gbogbo ayé mi wá nìyí. Mo ṣí ti àkọ́kọ́, ohùn kan jáde, ó ń dá ègbè náà kọ, ó sì ń wúkọ́ láàárín. Mo dé e padà. Ìkejì ń sáré ju orin lọ. Ìkẹta dùn, ó dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún jọra wọn. Ìkẹfà há, bí ohùn ẹni tó ti ń kiri ọjà látàárọ̀, kò tiẹ̀ bá orin náà lọ. Inú bí mi sí i. Mo ní àṣé ẹni yìí ló ti ń ba àwo mi jẹ́ látọjọ́ yìí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, bó bá di ti orin, mo mọ ohun tó dáa. Mo gbé abọ́ kẹta.

“Ṣé ó dá yín lójú?” ni òbúkọ bi mí.

Mo ní ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú rárá, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó kàn wù mí kí ìyá mi jẹ́ olóhùn iyọ̀ ni. Mo tẹ̀ka síwèé.

Òbúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í lá àwọn abọ́ yòókù. Ó lá ti àkọ́kọ́, ikọ́ dákẹ́. Ó lá ìkejì, ó lá ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Mo dúró tì í jẹ́jẹ́, mo ń retí kó jẹun tán kí n lè kí i pé ó dàbọ̀. Nígbà tó dé orí ìkẹfà, ohùn há yẹn dá orin dúró.

Ó ní, “Àjàní, ṣé o ti jẹun?”

Oríkì mi nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sẹ́ni tó fi pè mí rí. Mo bẹ òbúkọ pé kó dúró, mo ní mo ti ṣi abọ́ gbé. Ó lá ìdí abọ́ náà mọ́ tónítóní, ó gbójú sókè, ó ní wọ́n ti pa fáìlì dé. Mo ní kò burú. Èmi kì í bá òṣìṣẹ́ ìjọba jà.

Mo gbé abọ́ tí mo yàn mọ́ àyà, mo ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó yá, mo ṣí i díẹ̀, mo ní, “Màámi.”

Ohùn dídùn náà ní, “Ẹ má bínú o, èmi ò bímọ rí.” Ó sì ń bá ègbè rẹ̀ lọ.

Mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́, àwọn obìnrin àsàlátù ti kún pálọ̀ wa, torí ilé wa ni ìpàdé wọn kàn lọ́jọ́ Àìkú yìí. Wọ́n jọ ń kọrin. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì, mo ní kí n gbọ́ ohùn Mòrílíátù ìyàwó mi, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún la ti jọ ń gbé. Mo tẹ́tí títí wọ́n fi kọ orin náà tán. Mi ò mọ èwo ni tirẹ̀.