Kẹ̀kẹ́ tí Fákúnlé Dá Padà

Odindi ọdún mẹ́ta ni Àwẹ̀ró, ìyàwó Fákúnlé, fi hun aṣọ fún ẹlòmíràn láìra ẹyọ kan fún ara rẹ̀. Nílùú Ọ̀kà tí wọ́n ń gbé, ìdí òfì ni ilẹ̀ ń mọ́ bá a, ibẹ̀ náà ni oòrùn ń wọ̀ sí i lórí. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ kò fẹ́ nǹkan. Lákòókò tí owó gorí kòkó yẹn, ṣe ni àwọn obìnrin Ọ̀kà ń wọ àrán bí ẹni ń wọ aṣọ ilé. Adùnọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn kọjú síra, ra àwo tánganran mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì tò wọ́n síbi tí ẹnikẹ́ni tó bá yà kí i kò fi ní ṣàìrí wọn. Àwẹ̀ró lọ kí i kú ìnáwó, ó fọwọ́ pa ọ̀kan nínú àwọn àwo náà, ó wò ó títí, ó sì padà sídìí òfì rẹ̀.

Gbèsè ló fà á, gbèsè náà kò sì tọwọ́ wọn wá. Ògúnsúyì, bàbá Fákúnlé, ló jẹ ẹ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ kan ló gbé bàbá náà dé kọ́ọ̀tù, nígbà tí owó lọ́yà sì fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀, ó yá pọ́n-ùn mẹ́rìndínlógójì lọ́wọ́ Abọ́dẹrìn, oníṣòwò kan tó ń ra kòkó tó sì ń ta kẹ̀kẹ́ ní Ìkàrẹ́. Ó fi oko kòkó rẹ̀ dógò. Bàbá jàre ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó fi kú. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn ni pé Abọ́dẹrìn ni yóò máa ká kòkó oko náà lọ́dọọdún, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá kó owó rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó pé. Kò ní gbà á ní díẹ̀díẹ̀. Kòkó tó bá sì ká, tirẹ̀ ni. Kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú owó náà.

Bí Fákúnlé ṣe di alágbàṣe nínú oko olóko nìyẹn. Ọ̀nà tó ń gbà lọ síbi iṣẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ oko bàbá rẹ̀ kọjá. Lásìkò ìkórè, ó máa ń gbọ́ ohùn àwọn òṣìṣẹ́ Abọ́dẹrìn níbi tí wọ́n ti ń la kòkó, tí wọ́n ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Kì í yíjú sọ́dọ̀ wọn. Ó kàn ń yára ẹsẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá, tọkọtaya náà jókòó, wọ́n sì fẹnu kò sí i pé owó iṣẹ́ Fákúnlé ni àwọn yóò máa jẹ, owó aṣọ tí Àwẹ̀ró bá hun ni àwọn yóò máa kó pamọ́. Inú agolo bisikíìtì kan ni Àwẹ̀ró ń kó o sí, ó sì fi òwú bò ó mọ́lẹ̀. Ẹran di ohun tí wọ́n ń rí lọ́bẹ̀ onílé kejì. Pánù tí gbogbo ènìyàn ń kàn sórí ilé, wọn kò bá wọn dá sí i. Bí òjò bá jò wọ́n, Fákúnlé á lọ gé koríko wá dí ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n rà fún Bọ́lá, ọmọbìnrin wọn. Àwẹ̀ró ní kí télọ̀ rán an kó tóbi, kí ọmọ náà lè wọ̀ ọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi kún un.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1956, owó náà pé.

Wọ́n rò pé wàhálà ti tán. Àfi bí wọ́n ṣe dé Ìkàrẹ́ tí wọn kò bá Abọ́dẹrìn nílé. Nígbà tí wọ́n padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n bá a. Ó gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé iyán kalẹ̀ fún wọn, ó sì bi wọ́n léèrè ọmọ. Ṣùgbọ́n bí Fákúnlé ṣe dárúkọ owó báyìí, ó rẹ́rìn-ín.

“Kí ló ń lé yín? Mo ń lọ sí Ìbàdàn lọ́la, ọkàn mi ò sí nílé rárá. Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn Kérésìmesì, ká jókòó sọ ọ́ dáadáa.”

Wọ́n tún gbé owó wọn padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Fákúnlé nìkan tún lọ wò ó bóyá ọkùnrin náà ti dé láti Ìbàdàn. Ìrọ̀lẹ́ ni Àwẹ̀ró gbọ́ agogo kan tó ń dún níwájú ilé. Ohùn ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

“Ìyá Bọ́lá! Jáde wá o! Wá wo nǹkan!”

Nígbà tó jáde, ó bá Fákúnlé lórí kẹ̀kẹ́ tuntun, dúdú, tó ń dán bí ojú omi. Bọ́lá ti sáré dé ìdí rẹ̀, ó ń tẹ agogo láìdáwọ́ dúró. Adùnọlá ti yọjú lójú fèrèsé tirẹ̀, ó ń kí wọn kú oríire.

“Ta ló ni í?” Àwẹ̀ró béèrè.

“Tiwa ni. Abọ́dẹrìn ní kí n máa gùn ún bọ̀, kí n wá fi hàn ọ́. Pọ́n-ùn mẹ́sàn-án péré ni màá mú lọ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí n máa san ìyókù ní díẹ̀díẹ̀.”

“Pọ́n-ùn mẹ́sàn-án látinú èwo?”

Fákúnlé sọ̀ kalẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lára irin kẹ̀kẹ́ náà.

“Àwẹ̀ró,” ó ní, “ẹsẹ̀ ń dùn mí. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ti kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, èmi nìkan ni mo ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ìwọ náà ńkọ́? Wákàtí mẹ́ta lo fi ń ru aṣọ dé Ìkàrẹ́. Kì í ṣe ìwà wọ̀bìà. Ọdún mẹ́ta la ti fi ń fi ìyà jẹ ara wa.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àwẹ̀ró lára, nítorí kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà. Ó rí ara rẹ̀ lójú inú lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, tí ẹrù aṣọ wà lórí kẹ̀kẹ́, tí kò sí ohunkóhun lórí òun. Bí ẹni pé kí ó wọlé lọ gbé agolo náà jáde ló ń ṣe é. Ó yọ ọwọ́ kúrò lórí ìjókòó náà.

“Bàbá Bọ́lá, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ọkùnrin tó kọ̀ láti gba owó oko lọ́wọ́ wa ní díẹ̀díẹ̀, kí ló dé tó fẹ́ máa gba owó kẹ̀kẹ́ ní díẹ̀díẹ̀?”

Ọwọ́ Fákúnlé dúró lórí irin tó ń nù.

“Ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kí kòkó tó pọ́n?” Àwẹ̀ró tún béèrè.

“Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ,” ni Fákúnlé wí. Ó gbé ojú sókè. “Há! Ó fẹ́ kí owó náà fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Tá a bá ti yọ mẹ́sàn-án kúrò, a ò ní lè san án lọ́dún yìí mọ́. Yóò tún ká kòkó ọdún yìí.”

“Àti ti ọdún tó ń bọ̀,” ni Àwẹ̀ró wí. “Títí a ó fi tún kó o jọ.”

Fákúnlé jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà. Ó wo kẹ̀kẹ́ náà títí. Bọ́lá tún tẹ agogo, bàbá rẹ̀ sì ní kó fi í sílẹ̀, kó má bàa bà á jẹ́ fún onínǹkan.

Lọ́jọ́ ọjà, kùtùkùtù ni wọ́n gbéra. Àwẹ̀ró ti di owó náà sínú aṣọ, ó so ó mọ́ ìdí, ó sì ró ìró méjì lé e lórí. Fákúnlé ń ti kẹ̀kẹ́. Wọ́n ti pinnu pé àwọn kò ní gùn ún, kí Abọ́dẹrìn má bàa rí nǹkan kan sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú láàárín àwọn òkè, Fákúnlé dúró.

“Gun ẹ̀yìn,” ó ní. “Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré.”

“Àgbàlagbà bí èmi?”

“Ta ló ń wò ọ́?”

Ó gùn ún. Atẹ́gùn gbá ìró rẹ̀, ó di ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ mú, ó ń pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé ìdí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kàn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń tì í lọ.

Ní Ìkàrẹ́, Àwẹ̀ró kò jẹ́ kí wọ́n lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù Abọ́dẹrìn. Ọ̀dọ̀ Rájí télọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí, nítorí òun ló ṣe ẹlẹ́rìí nígbà tí Ògúnsúyì ń yá owó náà. Wọ́n ro ẹjọ́ fún un. Rájí fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó dìde pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́rùn, ó sì bá wọn lọ.

“Oníkẹ̀kẹ́, ẹ káàbọ̀!” Abọ́dẹrìn kígbe bó ṣe rí Fákúnlé. Nígbà tó rí Rájí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ dínkù díẹ̀.

Fákúnlé fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri. “Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Kẹ̀kẹ́ yín rèé.”

“Kò dára ni?”

“Ó dára gan-an ni. Bí mo bá lówó rẹ̀, mi ò ní dá a padà. Owó oko bàbá mi ni mo mú wá.”

Abọ́dẹrìn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo táyà, ó sì mi orí. “Èyí ò ṣeé tà ní tuntun mọ́. Ẹ ti gùn ún dé Ọ̀kà. Ẹ yọ pọ́n-ùn mẹ́sàn-án tèmi nínú owó yẹn ná, ká tó sọ ọ̀rọ̀ oko.”

Kí Àwẹ̀ró tó sọ̀rọ̀, Rájí ti dá sí i.

“Abọ́dẹrìn, ṣé o tà á fún un ni, àbí o ní kó gùn ún lọ fi han ìyàwó rẹ̀? Kọ́bọ̀ mélòó lo gbà? Ìwé wo lẹ kọ?”

Ọkùnrin kan láti Àjọwá wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ó ti ń yẹ kẹ̀kẹ́ wò láti àárọ̀. Ó yíjú padà. “Ṣé bí ẹ ṣe ń tà á fún gbogbo ènìyàn nìyí? Kí n mọ̀ kí n tó mú owó mi jáde.”

Àwọn méjì mìíràn tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà ti ń tẹ́tí. Abọ́dẹrìn wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo Rájí, ó sì bú sẹ́rìn-ín bí ẹni pé eré ló ń ṣe látìgbà yìí.

“Ẹ ò mọ àwàdà mọ́ ni? Ẹ kó owó wá.”

Àwẹ̀ró yí ẹ̀yìn sí wọn, ó tú ìdí, ó sì kó owó náà lé orí tábìlì. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pé. Abọ́dẹrìn wọ inú ilé lọ, ó mú ìwé àdéhùn jáde, Rájí kà á sókè kí gbogbo wọn gbọ́, lẹ́yìn náà ni Abọ́dẹrìn kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé owó òun ti pé, ó buwọ́ lù ú, Rájí náà buwọ́ lù ú. Fákúnlé gba ìwé náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Ìyàwó rẹ yìí,” Abọ́dẹrìn ní, “bí mo bá rí irú rẹ̀ gbà sí ṣọ́ọ̀bù, mi ò ní pẹ́ dolówó.”

Ará Àjọwá yẹn ló ra kẹ̀kẹ́ náà lójú wọn níbẹ̀, owó lọ́wọ́, ó sì ní kí wọ́n yọ sísì kan, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́fà, fún òun nítorí ẹrẹ̀ ara rẹ̀.

Wọn kò tíì jìnnà sí Ìkàrẹ́ nígbà tí Àwẹ̀ró dúró. Fákúnlé rò pé nǹkan ń ṣe é ni. Àwẹ̀ró jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé ìdí rẹ̀ níbi tí owó wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín sì gbà á, ẹ̀rín náà kò sì fẹ́ tán. Fákúnlé jókòó tì í. Omijé wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń lọ sọ́jà ń kí wọn, wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n ń kí wọn fún.

Oòrùn ti yẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ oko. Fákúnlé kò yára ẹsẹ̀ kọjá. Ó wọ inú rẹ̀, Àwẹ̀ró tẹ̀ lé e. Kòkó ti ń pọ́n lórí igi láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó já ọ̀kan tó pupa jù, ó là á mọ́ òkúta, ó sì na ìdajì sí ìyàwó rẹ̀. Wọ́n dúró lábẹ́ igi, wọ́n ń pọ́n kòkó lá, omi rẹ̀ ń ro sí wọn ní ìgbọ̀nwọ́.

“Ó dùn,” Àwẹ̀ró ní.

“Já òmíràn,” ni Fákúnlé dá a lóhùn. “Tiwa ni.”