Gọ́tà-bá-mi-tọ́mọ

"Ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo hàn mí," Bediako wí. "Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí mo pa nírọ́ nínú ìròyìn yẹn."

Obìnrin tó dúró níwájú tábìlì rẹ̀ kò jókòó láti ìgbà tó ti wọlé. Afriyie lorúkọ rẹ̀. Tòmátì ló ń tà ní Kumasi, ó sì hàn pé láti ìdí ọjà ló ti wá, nítorí omi tòmátì ṣì wà lẹ́sẹ̀ aṣọ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì tó pọ̀n ń sùn, wọ́n ti fi báńdéèjì líle funfun di apá ọ̀tún rẹ̀.

"Ẹ ò parọ́," Afriyie dáhùn. "Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ká ní ẹ parọ́ ni, màá kàn sọ fáráyé pé irọ́ ni. Kí ni kí n wá sọ báyìí?"

Bediako wo ọmọ náà, ó sì gbójú kúrò. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ka ìròyìn ọmọ yìí lórí rédíò, ní aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí gbogbo ìlú ń fetí sí i. Ta ni kò mọ ohùn Bediako ní Kumasi? Tó bá ti ń wúkọ́ báyìí, àwọn awakọ̀ tírótírò, bọ́ọ̀sì akérò ìlú, ti ń yí rédíò sókè. Mako ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ata, nítorí bí ìròyìn ṣe máa ń ta lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka ìròyìn bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ iléèwé. Bediako ní tirẹ̀ á fi òwe sí i, á fi èébú díẹ̀ sí i, á sì rò ó pọ̀ títí òórùn rẹ̀ á fi gba àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ tí oníròyìn tó lọ síbẹ̀ mú bọ̀ kò pọ̀: ọmọ kan já sínú gọ́tà ní àdúgbò Tafo, apá rẹ̀ kán, oorun ló gbé ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ. Èyí tó jáde lẹ́nu Bediako nìyí:

"Ẹ̀yin ará, ẹ di ìjókòó yín mú o! Obìnrin kan wà ní Tafo, Akosua Dufie lorúkọ rẹ̀, tó gba ọmọ ọlọ́mọ pé òun á bá wọn tọ́ ọ. Ló bá tẹ́ ẹní, ló bá nà gbalaja, ló bá ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ọmọ rìn jáde, gọ́tà ló bá a tọ́mọ!"

Afriyie ti mọ̀ ọ́n sórí. Ó kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ọ̀rọ̀ kan.

"Èmi nìkan kọ́ ni mo mọ̀ ọ́n," ó ní. "Àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ ọ́ dorin. Tí Maame Dufie bá yọjú síta, 'Gọ́tà-bá-mi-tọ́mọ' ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti kó gbogbo ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, kò ku ẹyọ kan. Ó ti tilẹ̀kùn mọ́rí. Iṣẹ́ tí obìnrin yẹn ti ń ṣe kí wọ́n tó bí mi nìyẹn, bọ̀dá. Òun ló tọ́ èmi gan-an."

"Ọmọ yín ló ṣubú o. Ṣé inú ò bí yín ni?"

"Inú bí mi! Mo pariwo lé e lórí lọ́sibítù títí ohùn mi fi há. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá gbọ́ bó ṣe jẹ́. Mo lọ ra ọjà ní Techiman, mọ́tò wa bàjẹ́ sọ́nà, mi ò lè wálé mọ́jú. Ibà kọlu Kwadwo ọmọ mi yìí. Maame Dufie gbé e lé itan, ó ń fi omi tútù nù ún títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ara ọmọ tutù, ó ń ṣeré. Maame tẹ́ ẹní fáwọn ọmọ kí wọ́n sùn, oorun bá gbé òun náà lọ. Ẹ ní ó ń hanrun. Bẹ́ẹ̀ ni! Ẹni tí kò fojú ba oorun mọ́jú, báwo lẹ fẹ́ kó ṣe sùn? Ta ló wá bẹ́ sínú gọ́tà? Ta ló gbé ọmọ sáré dé ọsibítù láìwọ bàtà?"

"Gbogbo ìyẹn kọ́ là ń pè ní ìròyìn, ìyá Kwadwo."

"Àbí ìhanrun ni ìròyìn?"

Afriyie tún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ dì.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ yìn ín," ó ní. "Ẹnu yín ni ẹ fi bà á jẹ́. Ẹ fi ẹnu náà tún un sọ."

Ọ̀gá Amponsah, tó ni rédíò náà, ń jẹ wáákyè, ìrẹsì òun ẹ̀wà, nínú ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà tí Bediako wọlé tọ̀ ọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò tiẹ̀ fi ṣíbí sílẹ̀.

"Kẹ́nkẹ́ àná, ẹ̀kọ tó ti kan," ó ní. "Ta ló ń ra ìyẹn? Ṣé o parọ́ mọ́ ọn?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ó ti pè wá lẹ́jọ́?"

"Kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, sà. Kò tiẹ̀ jáde nílé mọ́."

"Tóò. Gbọ́, Bediako. Òótọ́ wà lórí gbogbo rédíò ìlú yìí, ó kún bí omi òjò. Ata ẹnu rẹ làwọn èèyàn ń wá wá síbí. Lọ ka ìròyìn ọ̀sán rẹ, má kó ìtìjú bá mi."

Bediako jáde, ó lọ jókòó sí yàrá tó ń lò kó tó wọlé lọ ka ìròyìn níwájú ẹ̀rọ. Àánú obìnrin tí kò rí rí ń ṣe é, ẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ sì ń bà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀. "Akosua Dufie, abiyamọ tòótọ́, igi lẹ́yìn ọgbà àwọn ọmọdé Tafo..." Ó kà á sókè, ó sì rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Ńṣe ló dà bí ẹni ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á béèrè iye tí wọ́n fún un jẹ ni.

Ó pa á rẹ́. Ó gbìyànjú òmíràn: "Bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin náà sùn..." Ìyẹn náà kò lọ. "Bó tilẹ̀ jẹ́ pé" ti mú obìnrin náà lọ́rùn ọwọ́ kó tó dé ibi àánú. Ó rántí "ló bá" mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí ẹni ń ka ẹ̀sùn sí ọ̀daràn lọ́rùn ni wọ́n rí, ó sì mọ̀ pé òun ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀, pé dídùn wọn ló dùn mọ́ òun. Ojú tì í. Ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kò ti ibi oorun bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ibi ibà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí aago méjìlá lù, kò wúkọ́, kò ké sí ará kankan.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibà mú ọmọ ọdún méjì kan ní Tafo. Ìyá rẹ̀ wà lájò. Akosua Dufie, tó ń tọ́jú rẹ̀, kò sùn mọ́jú. Nígbà tó di ọ̀sán, ara ọmọ náà yá. Oorun gbé Akosua Dufie lọ. Ọmọ náà rìn jáde, ó ṣubú sínú gọ́tà, apá rẹ̀ kán. Akosua Dufie wọnú gọ́tà, ó gbé e, ó sáré dé ọsibítù. Ọmọ náà ti wà nílé. Èmi ni mo kọ́kọ́ ka ìròyìn yìí fún yín. Bí mo ṣe kà á kò dára."

Kò tíì kúrò nídìí ẹ̀rọ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. "Mako, ṣé ara rẹ ò yá ni?" "Ata ti wọ́n ní Kumasi ni?" Ọ̀gá Amponsah kò pariwo. Ó kàn yọrí sí ẹnu ọ̀nà.

"Láti ọ̀la lọ, ìkéde ìsìnkú ni wàá máa kà," ó ní. "Òkú kì í béèrè ata."

Ní ìrọ̀lẹ́, Afriyie mú un lọ sí Tafo. Maame Dufie jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá rẹ̀, àwọn àga kéékèèké tó gbé kalẹ̀ fáwọn ọmọ ṣófo yí i ká. Bediako kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà wò ó tìyanutìyanu, bí ẹni tó rò pé onítọ̀hún á ga jù báyìí lọ.

"Dìde," ó ní. "Mo gbọ́ ti ọ̀sán. Ó dára, o ṣeun. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe nǹkan kan."

"Kí ló dé, Maame?"

"Ti àkọ́kọ́ ṣeé fi kọrin. Ta ló máa fi èyí kọrin?" Ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. "Ṣé o bímọ?"

"Mo bí ọ̀kan, Maame. Obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́ta."

"Ta ló ń bá yín mójú tó o?"

"Ìyá ìyàwó mi ni. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n."

"Mú un wá fún mi lọ́la."

Bediako bojú wo ẹnu ọ̀nà. Ó ti rí i nígbà tó ń wọlé pé wọ́n ti fi irin tuntun de ilẹ̀kùn. Ó mọ̀ nípa ibà, ó mọ̀ nípa ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà. Síbẹ̀, ọmọ tirẹ̀ ló ń rí lójú inú rẹ̀, tó ń rìn lọ sẹ́bàá gọ́tà, tí ẹnìkan nà gbalaja lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé o rí i?" Maame Dufie wí, kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ìwọ alára gba ti àkọ́kọ́ gbọ́."

Afriyie dorí kodò. Bediako sún mọ́ Maame Dufie.

"Aago mélòó lẹ máa ń ṣílẹ̀kùn, Maame?"

Ìyá náà tẹjú mọ́ ọn. "Aago mẹ́fà. Má gbé e wọ mọ́tò o. Ẹ jọ fẹsẹ̀ rìn wọ àdúgbò, kí wọ́n rí yín."

Nígbà tó dé ìta, Bediako yọ fóònù rẹ̀ jáde láti pe ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà ti gbọ́ ìròyìn àkọ́kọ́, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Fóònù dún, ìyàwó gbé e, ó ní, "Báwo ni?" Bediako ń ronú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ kó tó dárúkọ Maame Dufie.