Ìró Garawa ní Ìsun Dákẹ́

Ní Ìsun Dákẹ́, òjìji ẹja ni ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rí. Á rọra kọjá lórí yanrìn funfun tó wà nísàlẹ̀, bí ìgbà tí ẹnìkan ń fa aṣọ dúdú kékeré kan lọ, kó tó di pé ojú á ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹja náà fúnra rẹ̀, tó dúró sínú omi bí ẹni pé kò sí omi níbẹ̀. Sàlàkọ́ wà nínú omi dé ọrùn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń so òkùn funfun mọ́ gbòǹgbò igi àràbà tó yọ jáde lẹ́nu ihò. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún fà á. Nígbà tó gbójú sókè, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ti dúró lábẹ́ àwọn igi ọ̀pẹ, ọ̀dọ́mọbìnrin kan sì ti bọ́ sílẹ̀, ó ń bọ̀ wá sétí omi láìwọ bàtà.

Ó ki ẹsẹ̀ kan bọ omi. Ó bu omi sí àyà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì fi ọwọ́ tútù náà nu etí òsì.

Ọwọ́ Sàlàkọ́ dúró lórí òkùn.

Ènìyàn kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé tó máa ń kí omi bẹ́ẹ̀. Hussein ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí Sàlàkọ́ ti bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

"Ẹ káàárọ̀ sà." Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi kí i, nítorí wọ́n ti kọ ọ́ sára pákó lójú ọ̀nà pé a kì í pariwo níbẹ̀.

"Káàárọ̀."

Ọkùnrin tó wa ọkọ̀ gbé sílíńdà atẹ́gùn méjì jáde láti inú búùtù, ó ń mí hẹlẹ. Oríyọmí ni, òṣìṣẹ́ báǹkì tó ń gbé ní ẹ̀sìtéètì kan ní Ìkòròdú. Lóṣooṣù ló máa ń kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti wá wẹ̀ nínú ihò náà.

"Bàbá Sàlàkọ́, ẹ tún ti ṣáájú wa dé inú omi. Àbí ẹ ò tiẹ̀ délé lánàá ni?"

"Bí mo bá délé, ta ni yóò máa kó ẹ̀yin ará báǹkì yọ?"

Oríyọmí fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. "Waliyah rèé. Waliyah Hussein. Ó ti wẹ̀ lókun dáadáa, àmọ́ kò tíì wọ ihò omi rí."

Sàlàkọ́ tún òkùn fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti le tẹ́lẹ̀.

Inú igbó ni Ìsun Dákẹ́ wà, ní ìyànà kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Abẹ́ àpáta pupa ni omi ti ń tú jáde, láti inú ihò tó fẹ̀ lẹ́nu bí yàrá, tó sì ń wọlé lọ títí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán á fi kù sẹ́yìn ènìyàn. Bí oòrùn bá gòkè díẹ̀, ìtànṣán rẹ̀ á na ọwọ́ kan wọ inú ihò náà, gbogbo omi á wá ní àwọ̀ bíi ti ìgò. Àwọn tó ti wọ ibẹ̀ máa ń sọ pé àwọn a gbàgbé pé inú omi làwọn wà. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sùn, tó sì mọ̀ pé òun ń sùn.

Ìdí nìyẹn tí Sàlàkọ́ fi le mọ́ wọn. Ẹni tó bá sùn lè gbàgbé láti jí.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bu omi dúrọ́ọ̀mù fọ ìpara kúrò lára, kí ọ̀rá má bàa dé ojú ìsun. Lẹ́yìn náà Sàlàkọ́ á fi òkùn sí i lọ́wọ́, á ka òfin fún un, onítọ̀hún náà á sì kà á padà bí ọmọ ilé kéú. Ọwọ́ kì í kúrò lára òkùn. Atẹ́gùn sílíńdà, ìdá mẹ́ta ni: ìdá kan fún lílọ, ìdá kan fún bíbọ̀, èyí tó kù, ti Ọlọ́run ni, a kì í fọwọ́ kàn án. A kì í di ògiri mú. A kì í fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ tó sùn síbẹ̀ fẹ́lẹ́ bí eérú, bó bá sì jí, ojú ò ní ríran mọ́. Bí òkùn bá wá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, kò gbọdọ̀ wá a kiri. Kó dúró lójú kan, kó máa kan sílíńdà rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ wá mú un á bá a níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá lè kà á tán kò ní wọlé. Sàlàkọ́ ti dá ọ̀gá ńlá kan tòun ti ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ padà rí.

Oríyọmí ka tirẹ̀ wéréwéré. Nígbà tó kan Waliyah, ojú omi ni Sàlàkọ́ ń wò. Ó ka òfin náà bí ẹni tó ń ka orúkọ ibùdókọ̀. Kò fi òkùn sí i lọ́wọ́.

"Bàbá, kò tíì kà á padà o," ni Oríyọmí wí.

"Ó ti gbọ́. Ṣé adití ni?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó fa awò bojú, àwọn méjèèjì sì rì wọ inú àwọ̀ ìgò náà lọ.

Sàlàkọ́ jókòó sórí gbòǹgbò. Ìhó omi ń yọ láti ẹnu ihò, ó ń tò bọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Ó fẹ́ wo àwọn ìhó náà nìkan, àmọ́ ọ̀sà Ìkòròdú ló ń rí.

Òun àti Hussein ti jọ wa yanrìn ní Èbúté fún ọdún mẹ́wàá. Wọ́n á ti àkàbà gígùn bọ inú ọ̀sà láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹnìkan á fa èémí sínú, á tọ àkàbà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú garawa, á bu yanrìn nínú òkùnkùn, á tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ta sókè, á gun àkàbà padà. Ẹnì kejì á gba garawa. Bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá sọ àkàbà nù, á fi òrùka irin kan garawa: kò, kò-kò. Ẹni tó wà lókè á wọmi, á tẹ̀ lé ìró náà lọ bá a.

Lọ́jọ́ kan tí Sàlàkọ́ wà nísàlẹ̀, etí ilẹ̀ yanrìn ya lulẹ̀, omi dúdú, àkàbà pòórá. Bí Sàlàkọ́ ṣe máa ń sọ ọ́ fún ènìyàn ni pé òun kan garawa títí apá fi ro òun, Hussein ò sì wá. Apẹja kan ló rí Sàlàkọ́ tó ń léfòó níbi tó jìnnà, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà létí rẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ tòun ti Hussein ṣófo. Hussein ti sá, ó yé e.

Ní ọjọ́ kẹta, Hussein wá kanlẹ̀kùn. Sàlàkọ́ kò ṣí i. "Sàlàkọ́," ni ọkùnrin náà wí láti ìta, "agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni o." Sàlàkọ́ yí rédíò sókè. Nígbà tí Hussein fi ẹran iléyá ránṣẹ́, ó dá a padà tòun ti ọ̀rá. Rọ̀kíbátù, ìyàwó Sàlàkọ́, gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì láti sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Èbúté. Sàlàkọ́ ní bó bá tún dárúkọ ọkùnrin yẹn, òun ò ní jẹun alẹ́ nínú ilé náà mọ́. Rọ̀kíbátù fi í sílẹ̀. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ohun tí Sàlàkọ́ fi ń dá ara rẹ̀ lóhùn nìyẹn fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Ọ̀wọ́ ìhó méjì tó ń yọ tẹ́lẹ̀ ti di ẹyọ kan.

Oríyọmí yọ lẹ́nu ihò, ó fa awò kúrò lójú. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ̀yìn mi ló wà," ni ó wí. "Bàbá, ẹ̀yìn mi gan-an ló wà. Omi kàn ṣàdédé funfun."

Sàlàkọ́ wo inú omi. Níbi tó ti mọ́ bí ìgò tẹ́lẹ̀, ó ti ń ki bọ̀ bí ògì.

Ó rí i lọ́kàn rẹ̀ kedere bí ẹni pé òun wà níbẹ̀: ọmọ náà fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣe ohun tí ẹsẹ̀ ọmọ awayanrìn máa ń ṣe. Ó tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ta sókè. Ilẹ̀ ọ̀sà á gbé ènìyàn. Ilẹ̀ ibí yìí á kàn jí ni. Gbólóhùn kan péré ni ìbá dá ẹsẹ̀ yẹn dúró, bí òun bá ti jẹ́ kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ó gbé sílíńdà kẹta tó máa ń wà létí omi kọ́ ẹ̀yìn. Ó so òkùn mìíràn mọ́ ìbàdí, ó fi orí rẹ̀ kejì lé Oríyọmí lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, Bàbá."

"Ta ló máa di èyí mú? Dúró. Bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, máa fà mí bọ̀."

Ó wọlé. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kọ lu funfun náà, ó padà sí i lójú, ó sì pa tọ́ọ̀ṣì náà. Ọwọ́ òsì wà lára òkùn funfun. Kò sí òkè mọ́, kò sí ìsàlẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ kò mọ̀ bóyá òun ń lọ ni tàbí omi ló ń gba ara òun kọjá.

Nígbà náà ló gbọ́ ọ.

Kò. Kò-kò.

Ibi gbogbo ni ìró náà ti ń wá, àní láti inú egungun rẹ̀ pẹ̀lú. Ó sinmi. Ó tún wá, ní ibi kan náà, bí ẹni tí kò kánjú: kò, kò-kò. Sàlàkọ́ yọ ọ̀bẹ, ó fi kan sílíńdà tirẹ̀. Ìró kejì dákẹ́, ó sì dáhùn. Ó tọ òkùn funfun dé ibi tó parí, ó na apá ọ̀tún wọ inú funfun náà, ó ń rọra yí i bí ẹni tó ń wá ìkọ́ ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn.

Ìka mẹ́rin tútù bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọmọ náà kò sún kúrò rárá.

Sàlàkọ́ mú ọwọ́ náà, ó sì fi òkùn sí i.

Nígbà tí wọ́n jáde, oòrùn ti kúrò lẹ́nu ihò. Oríyọmí ti lọ sídìí ọkọ̀ lọ wá tíì gbígbóná nínú fúláàsì. Waliyah jókòó sórí gbòǹgbò pẹ̀lú aṣọ ìnura lórí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Ẹsẹ̀ mi ni, sà. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó tẹ ilẹ̀."

"Èmi ni mi ò jẹ́ kí o kà á." Sàlàkọ́ ń tú òkùn ìbàdí rẹ̀. Kókó náà kò tètè tú. "Kíkàn yẹn. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Dádì mi. Àti kékeré. Wọ́n ní bí ohunkóhun bá bọ́ lọ́wọ́ mi lábẹ́ omi, mi ò gbọdọ̀ rìn. Wọ́n ní àwọn wọmi lọ bá ẹnìkan rí, tó ń kan garawa. Ìgbà mẹ́ta péré ni àwọn gbọ́. Nígbà tí àwọn débẹ̀, garawa nìkan ló wà níbẹ̀, ó dúró sórí yanrìn. Wọ́n ní àwọn wá a títí èémí fi fẹ́ẹ̀ tán. Ìgbà tí àwọn yọ, apẹja kan ti gbé ẹni náà lọ."

Kókó òkùn náà tú sí Sàlàkọ́ lọ́wọ́.

"Garawa náà ṣì wà nílé wa ní Agric, ní Ìkòròdú. Mọ́mì fẹ́ fi gbin efinrin, Dádì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn jà. Aṣọ àwọ̀ ewé kan wà lára irin ọwọ́ rẹ̀."

Ìborùn Rọ̀kíbátù tó ti gbó ni. Sàlàkọ́ ló fà á ya, òun ló fi wé ọwọ́ garawa kí irin má bàa bó òun lọ́wọ́. Ó wo omi. Kò, kò-kò. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà á, ọwọ́ rẹ̀ là, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú òkùnkùn. Kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ti pẹ́ gan-an tí kò ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ pàápàá.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́ fún mi?"

"Dádì ní tí ẹ bá bi mí ni kí n sọ. Ẹ ò bi mí." Ó fa aṣọ mọ́ra. "Wọ́n ní kí n wá wẹ̀ níbí. Wọ́n ní ọkàn àwọn balẹ̀ tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ yín."

Ó mú fóònù jáde nínú báàgì. "Mo gbọ́dọ̀ pè wọ́n pé mo ti jáde. Àmọ́ etí Dádì ò gbọ́ dáadáa mọ́, àfi kí ènìyàn pariwo." Ó wo àyíká rẹ̀, àwọn igi, omi tó ti ń tòrò padà. "A kì í sì í pariwo níbí."

Fóònù náà ń dún. Ẹnìkan gbé e lọ́hùn-ún, ó ní, "Háló? Wálì?" Ohùn náà ti gbó ju bí Sàlàkọ́ ṣe rántí rẹ̀ lọ.

Sàlàkọ́ gba fóònù. Ó gbé e sún mọ́ sílíńdà, ó yí ọ̀bẹ padà lọ́wọ́, ó fi èèkù rẹ̀ kan irin náà.

Kò. Kò-kò.

Nísàlẹ̀ omi, òjìji ẹja kan kọjá lórí yanrìn funfun. Sàlàkọ́ gbé fóònù sétí, ó sì dúró lójú kan.