Bẹ́ǹṣì Ìyá Afẹ́fẹ́

Nínú òkè yẹn, kò sẹ́ni tó ń pe obìnrin náà lórúkọ. Ìyá Afẹ́fẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é, torí pé afẹ́fẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ihò gígùn wọnú òkè, wọ́n sì kọ́ yàrá ìwádìí sí ìdí rẹ̀, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣọ́ nǹkan kan tó kéré débi pé ó ń gba inú òkúta kọjá láì fara kan ohunkóhun. Àpáta tó bò wọ́n lórí ló ń dá ìtànṣán ojú ọ̀run dúró kó má baà da iṣẹ́ wọn rú. Ṣùgbọ́n àpáta kan náà ń mí gáàsì kan jáde tí wọ́n ń pè ní rédọ́ọ̀nù. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, bẹ́ẹ̀ tó bá ti dé ìdí ẹ̀rọ wọn, irọ́ ló máa ń pa fún un: ẹ̀rọ á ní òun ti rí ohun tí wọ́n ń wá, kò sì rí nǹkan kan. Ìyá Afẹ́fẹ́ ló ń wọn gáàsì yìí kí irọ́ rẹ̀ má baà rọ́nà wọlé.

Ó mọ iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Òun ló rí i pé ẹni tó bá pẹ́ nínú ihò àtijọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́, níbi tí kò sí fáànù, á mí rédọ́ọ̀nù sínú, á sì máa mí i jáde díẹ̀díẹ̀ níbikíbi tó bá tún yà sí. Ìdí nìyẹn tó fi gbé bẹ́ǹṣì onígi kan sí ẹnu páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti òde, tó sì ṣòfin pé ẹni tó bá ti ihò àtijọ́ bọ̀, kó jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan kí ara rẹ̀ lè mọ́. Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ ti jókòó síbẹ̀ rí, ó káwọ́ mọ́ra bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Bẹ́ǹṣì Ìyá Afẹ́fẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni kan ṣoṣo tí ìdí rẹ̀ kì í kan bẹ́ǹṣì náà ni ìyá tó ni ín, torí ó gbà pé òfin tóun fẹnu òun ṣe kò lè wá mú òun.

Òun náà ló mú àbúrò rẹ̀ wọ iṣẹ́ ọ̀hún. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló gbé èyí àbúrò pọ̀n, òun ló rán an níléèwé, òun ló sì bá a bẹ Ọ̀gá Àgbà. Kékeré ni wọ́n ń pè é nílé, Kékeré náà ni gbogbo ibi iṣẹ́ wá ń pè é. Níwọ̀n ìgbà tó ṣì kéré lóòótọ́, kò sí wàhálà láàárín wọn.

Wàhálà dé nígbà tí wọ́n kọ́ yàrá funfun tán. Inú yàrá yìí ni wọ́n ti máa to ẹ̀rọ tuntun pọ̀, nítorí náà èédú tútù ni wọ́n fi ń sẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ kó tó wọlé. Kò sẹ́ni tí kò rò pé Ìyá Afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa fà á lé lọ́wọ́. Òun náà rò bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ ti lọ ra sálúbàtà funfun tó máa wọ̀ níbẹ̀. Àfi bí Ọ̀gá Àgbà ṣe pe gbogbo wọn jọ, tó ní iṣẹ́ ihò àtijọ́ kò lè lọ láì sí Ìyá Afẹ́fẹ́, torí náà kí Kékeré máa mójú tó yàrá funfun. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Afẹ́fẹ́ pa tiẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ, títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta á. Ọ̀gá wá fi kún un pé tí gáàsì yàrá náà bá fi lè kọjá ìlà pupa tí wọ́n fà sí òpin rẹ̀ kí ẹ̀rọ tuntun náà tó dé, òun á gbà á lọ́wọ́ Kékeré. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni Ìyá Afẹ́fẹ́ mú lọ sílé.

Owú ni, kò ní orúkọ mìíràn. Inú ilé kan náà làwọn méjèèjì ń gbé. Tí Kékeré bá ń fọ àwo, tó ń kọrin sábẹ́ ètè, orin náà á máa gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí. Tó bá ní bí yàrá náà ṣe mọ́ tó, ẹ̀gbọ́n á ní òun fẹ́ sùn. Níbi iṣẹ́, àwọn awakọ̀ ihò ti ń ṣàwàdà, wọ́n ń pe Kékeré ní Ọ̀gá Kékeré. Ọ̀gá kẹ̀? Ẹni tó jẹ́ pé òun lòun ń nu ikun nímú rẹ̀? Ìyá Afẹ́fẹ́ á rẹ́rìn-ín bá wọn.

Bó ṣe di pé ó ń lọ yọjú nìyẹn. Lọ́sàn-án, tí gbogbo wọn bá ti lọ jẹun lókè, á jáde láti ihò àtijọ́, á gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì kọjá, á wọ ìloro yàrá funfun, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Kò kọjá ilẹ̀kùn inú. Á kàn dúró sẹ́nu gíláàsì, á máa wo àga Kékeré, á wo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó fi kọ́, á sì wo nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì, bóyá ó ti gòkè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wà nílẹ̀ pátápátá. Ó dùn ún wọra. Ó mí kanlẹ̀ títí ojú gíláàsì fi ṣú.

Kò pẹ́ tí nọ́ńbà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Lójoojúmọ́, tí Kékeré bá ti ibi oúnjẹ dé tó sì ṣílẹ̀kùn wọlé, nọ́ńbà á ga sókè, á rọra máa wálẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó ti ń súnmọ́ ìlà pupa. Kékeré pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, ó nu ògiri, ó da èédú nù ó gbé tuntun sí i, pàbó ló já sí. Kò kọrin mọ́ tó bá ń fọ àwo. Ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí lòun lè ṣe, ẹ̀gbọ́n sì dá a lóhùn pé ẹrù tó bá ju orí ẹni lọ, ṣe là ń sọ ọ́ kalẹ̀. Kékeré dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Ìyá Afẹ́fẹ́ sun oorun àsùnwọra.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá Àgbà ní kí wọ́n lọ pe Ìyá Afẹ́fẹ́ wá, kó wá ibi tí gáàsì ń gbà wọlé. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ti fi ata sẹ́nu, ẹnì kan ò sì mọ̀. Láti inú ihò àtijọ́ ló ti sáré dé, ó gbé ẹ̀rọ alágbèéká dání, ayọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yọ lójú rẹ̀. Òun, Ọ̀gá Àgbà àti Kékeré wọ ìloro. Ó na ẹnu rọ́bà ẹ̀rọ sí eteetí ilẹ̀kùn, wọ́n dúró díẹ̀, nọ́ńbà gòkè. Ó ní ilẹ̀kùn ni. Ó na án sí ògiri, ó gòkè. Ó na án sí páìpù èédú, ó tún gòkè. Ó dúró sí àárín ilẹ̀, níbi tí kò sí ihò kankan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ kó lè rí i dáadáa, nọ́ńbà náà sì fò sókè ju ti gbogbo ibi yòókù lọ.

Kékeré kò wo ẹ̀rọ mọ́. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. Ó rọra gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó gbé e jìnnà sí igun kejì, wọ́n sì jọ wò ó bó ṣe ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bojú wo bẹ́ǹṣì níta. Ìgbà yẹn ló yé Ìyá Afẹ́fẹ́ pé èémí òun ni. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ló ti kọ́ Kékeré ní ọ̀rọ̀ èémí, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú un débẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà bi wọ́n pé níbo ló ń gbà wọlé.

“Ọ̀gá, èmi ni,” Kékeré wí. “Mo máa ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi nínú ihò àtijọ́ lọ́sàn-án, mi kì í sì í jókòó lórí bẹ́ǹṣì kí n tó wọlé.”

Inú bí Ọ̀gá. Ó ní ẹni tí kò lè pa òfin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ kò lè mú yàrá funfun, kí òun àti Ìyá Afẹ́fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ láti ọ̀la lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, orí sì wọ́. Ohun tí Ìyá Afẹ́fẹ́ sọ kò ju “Ẹ ṣeun, ọ̀gá” lọ.

Nígbà tí wọ́n ń rìn lọ sílé, ó bi Kékeré pé kí ló dé tó fi parọ́.

“Tí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣòfin lẹ rú u, wọ́n á lé yín ni,” Kékeré dá a lóhùn. “Èmi, yàrá lásán ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.”

Ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n sunkún, tàbí kó padà lọ bá Ọ̀gá. Kàkà bẹ́ẹ̀, owú tuntun ló dìde sí i láyà. Gbogbo ọdún tó fi pọn ọmọ yìí, tó fi ń ka oore náà sí i létí, gbólóhùn méjì péré ló fi san án padà. Ìwà rere gan-an ti bọ́ sọ́wọ́ Kékeré.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ sálúbàtà funfun rẹ̀, ó jókòó sórí àga. Nọ́ńbà wà nílẹ̀ pátápátá. Lọ́sàn-án, ó rí àbúrò rẹ̀ nínú gíláàsì, tó jáde láti ihò àtijọ́ pẹ̀lú eruku lórí, tó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn awakọ̀ tó ń lọ jẹun dá àpárá fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ìyá Afẹ́fẹ́ ń ṣọ́ ọ, ó ń dúró kó dìde kí àkókò tó pé. Kò dìde. Àkókò oúnjẹ lọ tán, ó ṣì jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí wákàtí náà pé, ó wá sínú ìloro, ó dúró síbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń dúró sí, èémí rẹ̀ sì mú ojú gíláàsì ṣú. Ìyá Afẹ́fẹ́ dìde, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn inú sílẹ̀ gbayawu, kí afẹ́fẹ́ ìloro lè wọlé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti jẹun?” Kékeré bi í.

Ojú ẹ̀rọ ni Ìyá Afẹ́fẹ́ kọjú sí, ó ń bẹ nọ́ńbà yẹn nínú ọkàn rẹ̀ pé kó gòkè, ì báà ṣe díẹ̀. Ó dúró pẹ́. Nọ́ńbà náà kò mira.